Oko Ìjọn: Láti Ọgbà Kókó dé Ìgboro Alímọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹni tí ó bá dúró ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìkòtún tàbí ní Ìgándò lónìí, tí ó rí bí ilé ti fara ti ilé, kò ní tètè gbà pé ilẹ̀ oko ni agbègbè yìí jẹ́ ní ayé àwọn baba wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, ní ìhà ẹ̀yìn Agége, oko kan wà ní Ìjọn tí ìtàn rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. James Pinson Labulo Davies ni ó dá oko náà.

Ẹni tí ó ni oko

Yorùbá ni àwọn òbí Davies. Wọ́n wà lára àwọn tí a gbà kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sàró, níbi tí a ti bí i ní 1828. Ó kàwé, ó ṣe olùkọ́, ó sì wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1849. Ó wà lára àwọn tí ó ja ogun Èkó ní 1851. Nígbà tí ó di 1856, ó fìdí kalẹ̀ sí Èkó gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò. Òun náà ni ó fi owó ran T. B. Macaulay lọ́wọ́ láti dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró sójú kan. Ní àwọn ọdún 1870, òwò rẹ̀ dojú dé, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà náà ni ó yíjú sí ilẹ̀. Láàárín 1879 àti 1880, ó gba irúgbìn kókó láti inú ọkọ̀ kan tí ó ti Bùràsíìlì wá àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín sí Ìjọn. Ẹni tí ó gbin àgbàdo yóò jẹ ẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta; ẹni tí ó gbin kókó yóò dúró ní bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìdáwọ́lé ńlá ni èyí fún onígbèsè tí ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Òkúta Àìná

Kókó náà kò tíì so nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni Àìná, ìyàwó rẹ̀. Ogun Dàhómì kó o ní 1848. Ní 1850, Ọba Ghezo fi í lé Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Bonetta, lọ́wọ́. Forbes mú un dé ìlú Ọba, Ọbabìnrin Victoria sì gbà á ṣe ọmọ àbójútó. Orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni Sarah Forbes Bonetta. Brighton ni Davies ti gbé e níyàwó ní 1862. Ikọ́ ife ni ó pa á ní Madeira ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, 1880, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Ní Ìjọn, nínú oko kókó, ni Davies gbé òkúta ìrántí kan ró fún un, èyí tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Òkú Àìná wà lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ padà sí ilẹ̀ Yorùbá.

Irúgbìn tí ó jáde

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ a máa dárúkọ Squiss Ibaningo, ẹni tí ó mú kókó dé Bonny ní 1874, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò má gbàgbé pé ọ̀nà Ìjọn àti Agége ni kókó gbà tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà ní 1887, oko Davies ti wà ní bí ọdún méje ṣáájú. Jacob Kehinde Coker kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ Davies, ó sì dá oko ńlá sí Ìfakò. Ní 1907, ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége bẹ̀rẹ̀. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n ti òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú irúgbìn àti ìmọ̀ padà sílé. Àwọn ọmọ ìjọ African Church náà sì tan iṣẹ́ náà kálẹ̀.

Ilẹ̀ Agége fúnra rẹ̀ kò gba kókó tó ilẹ̀ Ìbàdàn àti Oǹdó, nítorí náà ọ̀pọ̀ olóko ibẹ̀ yí sí obì gbànja. Síbẹ̀, owó kókó wà nínú ohun tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun náà ni a sì fi kọ́ Ilé Kókó alájà 26 ní Ìbàdàn, èyí tí ó parí ní 1965.

Láti oko dé ilé

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ìgboro bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí oko. Láàárín 1979 àti 1983, ìjọba Jakande kọ́ àwọn ilé Abẹ́sàn ní ìhà Ìpájà. Ètò ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ tí a ti ń ka igi kókó ti di ibi tí a ti ń ka pulọ́ọ̀tì.

Kò sí ẹni tí yóò ní kí a wó ilé ènìyàn kí a lè tún gbin kókó. Àwọn ọmọ tí ó ń gbé inú ilé wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ kàn. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé ìlú wọn kò ní ìtàn, pé ibi tí èrò Èkó wá sùn sí ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mú wọn lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, kí wọ́n béèrè orúkọ oko tí ó wà níbẹ̀ kí ilé tó dé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá lọ tán, kò sí ìwé ilẹ̀ kan tí yóò sọ fún ọmọ Alímọ̀ṣọ́ pé láti agbègbè rẹ̀ ni irúgbìn ọrọ̀ Yorùbá ti gbéra.