Àlàfo
Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí: ‘Fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo.’ Àyè tó ṣófo láàárín nǹkan méjì ni. Lórí kọ̀ǹpútà, mo fara mọ́ ọn fún ‘field’, ojú ibi tí à ń kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù sí.

Wàhálà máa ń dé nígbà tí àlàfo tí wọ́n pèsè kò bá tó. Ẹ wo ìwé ìwọ̀n télọ̀ ní Ìkòtún: èjìká, àyà, gígùn apá. Alágbádá wọlé, télọ̀ fa ìlà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Tábìlì kọ̀ǹpútà kì í gba bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí gbogbo télọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá bá fi òpó (column) tirẹ̀ kún un, òfìfo ni yóò gba ibẹ̀ kan.

WordPress, ètò tí a fi ń ṣe ìkànnì, gba ọ̀nà mìíràn. Òpó 4 péré ni tábìlì wp_postmeta rẹ̀ ní: nọ́ńbà ìlà, nọ́ńbà ohun tí ọ̀rọ̀ kàn, orúkọ àlàfo, ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí orúkọ àlàfo fúnra rẹ̀ ṣe di ohun kíkọ sílẹ̀ nìyẹn. (Ewu ibẹ̀: ‘gígùn’ àti ‘gigun’ lè di àlàfo méjì!) Ètò ìpamọ́ dátà PostgreSQL 9.4, tó jáde ní 2014, mú jsonb wá, àpò kan tó ń gba orúkọ àlàfo àti ohun inú wọn pọ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ pe irú àlàfo tí ẹni tó ń lo ètò fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ yìí (‘custom field’) ní ‘àlàfo àfikún’. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ètò náà pàápàá lè ṣe àfikún. Èyí, télọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. ‘Àlàfo àdáni’ ni mo fi sílẹ̀ fún un.