Ẹ̀rù Inú Sinimá: Láti Ọ̀sọ́sà dé Ìkòròdú

Kí sinimá tó dé rárá ni ará Ìkòròdú ti mọ ohun tí ń jẹ́ ìpayà, nítorí pé ọjọ́ ọdún orò Mágbó kì í ṣe ọjọ́ tí obìnrin ń yọjú síta. Nítorí náà, nígbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà, ẹni tí ó ti ń ṣeré orí ìtàgé láti 1944, gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979, tí Jáiyésinmi sì tẹ̀lé e, àwọn àjẹ́ inú wọn kò ṣe àjèjì lójú àwa ọmọ Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú. Idán inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gún régé, àwọn òṣèré a sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ṣì wà lórí ìtàgé. Síbẹ̀, ẹ̀rù tòótọ́ ni.

Lẹ́yìn tí iye náírà wálẹ̀ ní 1986, owó tí a fi ń ya fíìmù di àléébá, fídíò sì gba ọjà.

Ní ti òde òní, fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022 rẹwà lójú, ẹyẹ Àkàlà tí ń jí òkú níbẹ̀ sì wọni lára, ṣùgbọ́n, lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Sàró, olórí eré náà, gbàyè jù, ẹ̀rù sì dínkù. (Bóyá ọjọ́ orí ni ó ń bá mi jà!)

Ṣùgbọ́n ní ti ọgbọ́n ṣíṣe sinimá, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò: ní 2020, àwọn ọmọ Ìkòròdú tí ń jẹ́ Ikorodu Bois fi bárò àti ohun èlò ilé sín ìpolówó fíìmù Extraction jẹ, àwọn tí ó ṣe fíìmù náà gan-an sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.