Ìṣẹ́jú 51: Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ará Àdúgbò àti Ìmúrasílẹ̀ fún Pàjáwìrì ní Etí Òkun Japan

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe yìí ni àwa olùkọ́ sábà máa ń fi ṣíde ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìmúrasílẹ̀ de ewu, a sì máa ń ṣe bí ẹni pé òwe náà ti parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okawa ní ilẹ̀ Japan fi yé wa pé ó ṣeé ṣe kí a gbọ́ ìró ogun, kí àyè láti sá wà, kí òkè tí a lè gùn wà lẹ́yìnkùlé, síbẹ̀ kí ogun náà pa wá. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ọ̀nà tí arọ yóò gbà, àti ẹni tí yóò ti bá a rin ọ̀nà náà kí ogun tó dé.

Èròǹgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti gbé ilé-ẹ̀kọ́ méjì yẹ̀ wò, Okawa ní Ishinomaki àti Unosumai ní Kamaishi, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 2011. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lásán ni. Sùnámì kò wọ́pọ̀ ní etí òkun tiwa, ṣùgbọ́n sísá láìmọ ibi tí à ń sá sí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002, kì í ṣe àdó olóró ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú. Inú omi ní ìhà Òkè-Àfà ni wọ́n sá kó sí nínú òkùnkùn. Ní Ìjẹgun, ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, katakata tó ń la ọ̀nà bẹ́ páìpù epo tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Iná sọ, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára àwọn tí èrò tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí oníkálukú ti ń wá ọ̀nà àbáyọ.

Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

A kò lè sọ pé ilẹ̀ Japan kò mọ ọ̀tá rẹ̀. Etí òkun Sanriku, níbi tí Kamaishi wà, ti rí sùnámì lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 1896, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 22 ènìyàn ló bá a lọ. Ní 1933, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 3. Ní 1960, Chile tó wà ní òdìkejì òkun ni ilẹ̀ ti mì, síbẹ̀ ìgbì rẹ̀ rìn dé Japan, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ní Aneyoshi, abúlé kan ní agbègbè Miyako, àwọn tó yè gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ní 2011, omi kò dé ìdí òkúta náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá kópa nínú pípa ìrántí yìí mọ́. Láti 1937 sí 1947, ìtàn kan wà nínú ìwé kíkà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípa àgbàlagbà kan tó rí i pé òkun ń fà sẹ́yìn, tó sì dáná sun gbogbo ìkórè ìrẹsì rẹ̀ lórí òkè kí àwọn ará abúlé lè sáré wá pa iná, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ omi. Hamaguchi Goryo, ọkùnrin ará Wakayama, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ. Sùnámì ti ọdún 1854 ni ó bá pàdé. Ìtàn gidi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú ìwé: Goryo kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà, òkùnkùn ni ó mú un dáná kí àwọn tó ń sá lè rí ọ̀nà. Lójú tèmi, ìtàn gidi yìí wúlò fún olùkọ́ ju ti inú ìwé lọ. Ẹni inú ìwé tan àwọn ènìyàn rẹ̀ dé orí òkè. Goryo fi iná han àwọn tó ti ń sá ní ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbà. Nígbà tí omi lọ tán, ó fi owó ara rẹ̀ mọ odi sí etí òkun, àwọn ará abúlé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ó sì gbà síbi iṣẹ́ náà.

Láti ọdún 1960, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ ìdènà àjálù ní Japan, ní ìrántí ìmìtìtì ilẹ̀ Kanto ti 1923 tó pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló máa ń ṣe ìdánrawò ní ọjọ́ náà: ọmọ yóò kó sábẹ́ tábìlì, yóò dé fìlà onítìmùtìmù, wọn yóò tò jáde sí pápá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pápá yìí sọ́kàn. Fún ìmìtìtì ilẹ̀, ibi tó dára ni pápá, nítorí kò sí ohun tí yóò wó lu ọmọ níbẹ̀. Fún omi, ó dì í mìíràn.

Okawa

Ní Kamaya, lẹ́bàá odò Kitakami, ni ilé-ẹ̀kọ́ Okawa wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4 sí etí òkun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi òkun lọ. Àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba yà láti fi ibi tí sùnámì lè dé hàn fi Kamaya sílẹ̀ sí ìta ewu. Kódà ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn ará àdúgbò yóò sá wá. Lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ni òkè onígbó kan wà tí àwọn ọmọ ti máa ń gbin olú gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ wọn.

Ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 46, ilẹ̀ mì. Àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ jáde sí pápá gẹ́gẹ́ bí ìdánrawò ti kọ́ wọn. Títí di ibí yìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tí kò tọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà, igbákejì rẹ̀ ni ó di ipò rẹ̀ mú. Ìkìlọ̀ sùnámì jáde. Àwọn òbí kan wá mú ọmọ wọn lọ, àwọn ará àdúgbò náà sì ń wọ́ wá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n sá wá. Ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí a gun òkè? Ilẹ̀ ṣì ń mì, igi lè wó, àwọn arúgbó wà láàrin wọn. Àwọn kan lára ará àdúgbò kò gbà pé omi lè dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí kò dé ibẹ̀ rí ní ìrántí wọn. Àwọn tó yè sọ pé lára àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn gun òkè.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ọkọ̀ ìjọba ìlú kọjá pẹ̀lú gbohùngbohùn, ó ń kéde pé omi ti bo igbó igi páìnì tó wà ní etí òkun. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, kì í ṣe sí òkè, bí kò ṣe sí ibi tí ilẹ̀ gbé ga díẹ̀ lẹ́sẹ̀ afárá, lẹ́bàá odò. Omi dé ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 37. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 108 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà, 74 ni ó kú tàbí tí a kò rí mọ́. Nínú olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ 11 tó wà níbẹ̀, ẹnì kan péré ló yè.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí kí a sì dá àwọn olùkọ́ náà lẹ́bi. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kú pẹ̀lú àwọn ọmọ tí a fà lé wọn lọ́wọ́, wọn kò sá fi wọ́n sílẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí onítàn bi ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an, nínú òtútù, pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún àti òbí tó ń pè, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jíròrò ibi tí wọn yóò sá sí.

Ìdáhùn wà nínú ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìwé ìlànà fún pàjáwìrì. Ohun tí a kọ síbẹ̀ fún sùnámì ni pé kí wọ́n sá lọ sí ilẹ̀ òfìfo tàbí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà nítòsí. Ilẹ̀ òfìfo wo? Ọgbà wo? A kò dárúkọ ibì kankan. Ẹni tó bá ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ yóò ti rí garawa pupa tí wọ́n kọ iná sí lára, tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri, tí kò sí yanrìn nínú rẹ̀. Garawa wà, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò sì lè fi àmì sí i nínú ìwé rẹ̀ pé ó wà. Irú rẹ̀ ni gbólóhùn yẹn.

Unosumai

Ní Kamaishi, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Unosumai àti ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ti Kamaishi-Higashi wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwòrán ilẹ̀ fi àwọn náà sí ìta ewu. Ìlú yìí sì tún ní odi ńlá kan nínú òkun, tí wọ́n parí ní 2009, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn balẹ̀. Katada Toshitaka, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Gunma, ti ń bá àwọn olùkọ́ ìlú náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ṣáájú 2011. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni ti fojú bù tẹ́lẹ̀, sa gbogbo ipá rẹ, kí o sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sá. Wọn kò yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kan lọ́dún. Ó wọ inú iṣẹ́ kíláàsì. Àwọn ọmọ fẹsẹ̀ ara wọn rin ọ̀nà láti ilé dé ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n yà á sórí pépà, wọ́n sàmì sí ibi gíga tí wọ́n lè sá sí.

Lọ́jọ́ náà, iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣiṣẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí àjà kẹta. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ti girama ti ń sáré lọ, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ ńlá di àwọn kékeré lọ́wọ́ mú. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan tí ìdánrawò wọn ti máa ń parí sí. Níbẹ̀, wọ́n rí i pé ara òkè tó wà lẹ́yìn ilé náà ti ń ya lulẹ̀. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n tún gbéra, wọ́n gun òkè sí i. Omi bo ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, ó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí àjà kẹta tí àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 570 tó sá jáde ló yè. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Kamaishi tó kú lọ́jọ́ náà, tí iye wọn jẹ́ 5, kò sí lábẹ́ ìtọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà. Wọn kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí wọ́n ti bá òbí wọn lọ.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọmọ fi eré rẹ̀ jí àgbà, ìyá àgbà fi ojú rẹ̀ gba ọmọ là. Àwọn oníròyìn sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu. Ní ìlú náà, wọ́n wá pa orúkọ yẹn tì, wọ́n kàn ń pè é ní ìṣẹ̀lẹ̀ Kamaishi, nítorí ìdí kan tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀.

Ní àdúgbò Unosumai kan náà, ilé kan wà tí ìlú kọ́ ní 2010, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ibùdó ìdènà àjálù. Ilé náà kọ́ ni a yàn fún sísá fún sùnámì; orí òkè ni ibi tí a yàn wà. Ṣùgbọ́n òkè jìnnà fún àwọn arúgbó, wọn kì í sì í pọ̀ níbi ìdánrawò. Kí èrò lè pọ̀, wọ́n gbé ìdánrawò wá sí ibùdó tuntun yìí. Èrò pọ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, àwọn ènìyàn lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí fojú bù ú pé àwọn tó bá omi lọ níbẹ̀ lé ní 160. Nítorí náà, àwa tí à ń fi ìdánrawò yangàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ohun tí a bá fi ẹsẹ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ ń ṣe nígbà ìpayà, ìbáà jẹ́ èyí tó tọ́ tàbí èyí tí kò tọ́.

Ẹjọ́ Okawa

Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ìdílé àwọn ọmọ 23 nínú àwọn tó kú ní Okawa gbé ìjọba ìlú Ishinomaki àti ti ìpínlẹ̀ Miyagi lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ ní Sendai dá wọn láre, ó ní kí wọ́n san nǹkan bí bílíọ̀nù 1.43 owó yẹ́ẹ̀nì. Ìdájọ́ yìí wo ọjọ́ náà nìkan: lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbohùngbohùn kọjá, ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ̀ pé omi ń bọ̀, kí wọ́n sì gun òkè.

Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Sendai, ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, yí ojú ọ̀rọ̀ padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tó ní kí wọ́n san kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó ní ẹ̀bi náà ti wáyé ṣáájú. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ti tún ìwé ìlànà rẹ̀ ṣe ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2010, kí ó dárúkọ ibi tí wọn yóò sá sí àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú ti yẹ ìwé náà wò, kí ó dá a padà fún àtúnṣe. Ní ti àwòrán ilẹ̀ ìjọba, ilé-ẹjọ́ sọ pé kò tó kí olùkọ́ gbà á gbọ́ bí ará ìlú ṣe gbà á gbọ́. Ẹni tí a fa ọmọ lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ju ará àdúgbò lásán lọ, kí ó sì lè yẹ àwòrán náà wò fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Japan kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ tí ìlú àti ìpínlẹ̀ tún pè, ìdájọ́ náà sì dúró.

Àwọn kan lè sọ pé ẹrù yìí wúwo jù fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wúwo. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kejì ṣàánú olùkọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni mọ́kànlá tó dúró nínú òtútù, ó pín in fún ọ̀gá, fún ìgbìmọ̀ àti fún ìlú, ó sì gbé e padà sí àkókò tí ara tutù, tí ènìyàn lè jókòó, kí ó béèrè pé ọgbà wo ni.

Wọ́n pa ilé-ẹ̀kọ́ náà dé ní 2018. Àwókù rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú fún ìrántí, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Keje ọdún 2021. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2020, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Miyagi ti kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun wá síbẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kú, tí òun náà sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Láti inú pápá ilé-ẹ̀kọ́ náà, òkè tí àwọn ọmọ ti ń gbin olú kò jìnnà rárá.