Kábọ́ọ̀nù gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Ìtàn Ìwádìí lórí Àwọn Ẹ̀dá Àìfojúrí tí Ń Jẹ Mítéènì ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Láti nǹkan bí ọdún 1974 ni àwọn onímọ̀ ti ń kíyè sí i pé gáàsì mítéènì ń pòórá nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí ọ́síjìn kò dé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rí ohun tí ń jẹ ẹ́. Mítéènì wà lára àwọn gáàsì tí ń mú kí ayé gbóná. Nítorí náà, ohun tí ń dá a dúró kí ó tó dé òfuurufú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rìí nínú ọ̀ràn náà.

Kábọ́ọ̀nù Fífúyẹ́ àti Kábọ́ọ̀nù Wíwúwo

Nínú ọgọ́rùn-ún átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, nǹkan bí 99 ni kábọ́ọ̀nù-12. Kábọ́ọ̀nù-13, tí ó fi nútírọ́ọ̀nù kan wúwo jù ú lọ, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìyókù. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Ìwọ̀n ni ó yà wọ́n. Ní ọdún 1939, Alfred Nier àti Earl Gulbransen fi hàn pé ìpín wọn kò dọ́gba níbi gbogbo: kábọ́ọ̀nù-13 pọ̀ nínú òkúta ẹfun ju inú ewéko lọ. Ìdí ni pé ohun abẹ̀mí a máa tètè lo èyí tí ó fúyẹ́. Mítéènì tí àwọn ẹ̀dá àìfojúrí ń ṣe fúyẹ́ gan-an. Ẹ̀dá tí ó bá jẹ ẹ́ yóò gba àmì ìfúyẹ́ náà sára, bí epo ṣe ń sàmì sí aṣọ ẹni tí ó rù ú.

Àríyànjiyàn

Ní ọdún 1974, Christopher Martens àti Robert Berner ṣe ìwádìí lórí ẹrẹ̀ Long Island Sound ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé mítéènì kì í pọ̀ níbi tí sọ́féètì, tí ó wà lára iyọ̀ omi òkun, kò bá tíì tán. Ní ọdún 1976, ìṣirò William Reeburgh lórí ibú Cariaco, ní etíkun Fẹnẹsúẹ́là, fi hàn pé mítéènì ń run níbi tí kò sí ọ́síjìn. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá àìfojúrí ṣiyèméjì. Kò sí ẹni tí ó tíì lè tọ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ìgò, agbára tí iṣẹ́ náà ń mú wá sì kéré jọjọ. Ní ọdún 1994, Tori Hoehler àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé ẹ̀dá oríṣi méjì ni ó ń pawọ́ pọ̀ ṣe é.

Ẹ̀rí

Ní ọdún 1999, Kai-Uwe Hinrichs àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹrẹ̀ Eel River Basin, ní etíkun California, wò. Wọ́n bá ọ̀rá tí ó jẹ́ ti áákíà, ẹgbẹ́ ẹ̀dá àìfojúrí kan tí ó yàtọ̀ sí bakitéríà. Kábọ́ọ̀nù-13 inú ọ̀rá náà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò. Wọ́n parí èrò sí i pé mítéènì ni oúnjẹ tí ó fa irú àmì bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2000, Antje Boetius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àwọn ẹ̀dá náà nínú ẹrẹ̀ Hydrate Ridge, ní etíkun Oregon: nǹkan bí ọgọ́rùn-ún áákíà ṣùjọ, bakitéríà tí ń lo sọ́féètì sì yí wọn ká. Ní ọdún 2001, Victoria Orphan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wọn kábọ́ọ̀nù inú irú ìṣù bẹ́ẹ̀ gan-an, wọ́n sì bá ìfúyẹ́ náà lára wọn. Ìwádìí méjì ti ọdún 2015 tún fi hàn pé elétírọ́ọ̀nù lè kọjá tààrà láti ara ẹ̀dá kan sí èkejì.

Ìgúnlẹ̀

Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ń jẹ apá tí ó pọ̀ jù nínú mítéènì tí ń gòkè nínú ẹrẹ̀ òkun. Ìṣirò àwọn oníkẹ́mísírì kò parọ́; iyèméjì àwọn onímọ̀ ẹ̀dá kò sì já sí asán, nítorí òun ni ó mú kí a wá ẹ̀rí tí ó dájú. Nínú àtẹ àkókò ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ Kẹ́mísírì, ọ̀tọ̀ ni ti Báyọ́lọ́jì. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ọ̀kan láìmẹ́nu ba èkejì kò ní lè sọ ìtàn yìí tán fún akẹ́kọ̀ọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín áákíà àti bakitéríà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àwọn tí ó wá wọn rí.