Ògèdèǹgbé Agbógungbórò: Kí Ni Ìtàn, Kí Ni Àsọdùn?

Kókó tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lálẹ́ òní ni bí a ṣe lè ya ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àsọdùn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn akọni àtijọ́. Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà tí ó ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ló kan ará Òkìtìpupa nínú ọ̀rọ̀ Iléṣà? Ó kàn án gan-an, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ kí a tó parí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níhìn-ín, bí òṣùpá bá ti yọ tí a sì ti jẹun tán, àwọn àgbà a máa sọ fún wa pé ọta kì í wọ Ògèdèǹgbé lára. Wọ́n ní bí ọ̀tá bá yí i ká, yóò pe ọfọ̀ kan, àfẹ́ẹ̀rí yóò sì gbé e. Wọ́n ní ọdún 16 gbáko ni ó fi jagun láìsinmi, àti pé òun nìkan tó odidi ogun. Gbogbo rẹ̀ ni a gbà gbọ́. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí mo gbọ́ wé ohun tí a kọ sílẹ̀, mo rí i pé àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà dúró gbọn-in, àwọn kan kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, jagunjagun kan wà tí ń jẹ́ Guan Yu. Chen Shou, òpìtàn tí ó gbé ayé ní sẹ́ńtúrì kẹta lẹ́yìn ikú Olúwa wa, kọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí: ó ní akọni ni, ó sì jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ wà lára ohun tí ó fà á ṣubú. Ní nǹkan bí ọdún 220, àwọn ọ̀tá mú un, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Ní èyí tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìwé ìtàn àròsọ ńlá kan jáde, tí ó gbé idà olóyè lé e lọ́wọ́, irú idà tí èèyàn lásán kò lè gbé. Chen Shou kò mẹ́nu kan irú idà bẹ́ẹ̀ rí. Kí a tó ṣẹ́jú, ọkùnrin tí a bẹ́ lórí ti di òrìṣà tí àwọn ènìyàn ń tan tùràrí sí. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìtàn Ṣàngó kò ní ya ẹnu sí èyí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àlọ́ wà, oríkì wà, ìtàn sì wà. Àlọ́ kò bẹ̀bẹ̀ kí a gba òun gbọ́. Iṣẹ́ oríkì ni kí ó mú orí ẹni wú. Bí akígbe bá pe ènìyàn ní erin, kò sí ẹni tí yóò lọ wá ọwọ́ ìjà sí i níwájú. Ìtàn nìkan ni ó ń sọ pé, báyìí ni ó rí. Ìṣòro dé nígbà tí a bá mú ohun tí a gbọ́ lẹ́nu akígbe, tí a sì tún un sọ fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Akígbe kò purọ́. Àwa ni a ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó dá wa lójú. A bí Ògèdèǹgbé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Àwọn Ìbàdàn mú un lẹ́rú ogun rí, ó sì gbé ọ̀dọ̀ wọn, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Ní ọdún 1870, Ìbàdàn kó Iléṣà. Ògèdèǹgbé bọ́, ó sì gba apá ìlà oòrùn lọ. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní ogun Jálumi ní Ìkirun ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Lẹ́yìn èyí ni a bẹ Ògèdèǹgbé pé kí ó wá ṣe olórí. Ó gbà, ogun sì dojú kọ ogun láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní 1894, lẹ́yìn tí ogun ti parí, òyìnbó ológun kan, Captain Bower, mú un, ó sì gbé e kúrò ní Iléṣà. Ó padà wálé níkẹyìn, ó jẹ oyè Ọbaálá, ó sì kú ní 1910.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lé orí èyí. Ọkùnrin tí a ní àfẹ́ẹ̀rí ń gbé, a mú un lẹ́rú nígbà èwe, a sì tún mú un lárúgbó. Àbí àfẹ́ẹ̀rí náà sùn lọ ni? N kò sọ èyí láti fi akọni ṣẹ̀sín. Ohun tí mo ń wí ni pé títóbi rẹ̀ kò sí níbi tí a fi í sí. Ọmọkùnrin tí a dè ní ìdè, tí ó fi oko ẹrú ṣe ilé ẹ̀kọ́, tí ó kọ́ ọgbọ́n ogun lọ́wọ́ àwọn tí ó mú un, tí ó sì wá fi ọgbọ́n náà dá wọn dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún: ta ni ó tún ń wá ìyanu mìíràn lẹ́yìn èyí?

Oyè rẹ̀ gan-an jẹ́rìí sí i. Ṣéríkí ni a ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti inú èdè Haúsá ni ó ti wá, níbi tí "sarki" ti túmọ̀ sí ọba tàbí olórí. Ní Ìbàdàn, Ṣéríkí ni olórí àwọn ọ̀dọ́ nínú ogun. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ará Iléṣà bá pe baba wọn ní Ṣéríkí, ètò ogun àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ó ń dárúkọ, láìmọ̀.

Ti ọdún 16 ńkọ́? Àwọn tí ó ka iye yìí bẹ̀rẹ̀ láti 1877, nígbà tí ìjà bẹ́ láàrin Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, wọ́n sì kà á dé 1893. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, a sì dáná sun àwọn ibùdó ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọmọ ogun kò tètè tú ká, nítorí ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ àti ogun Ọ̀fà kò tíì tán, ṣùgbọ́n ìbọn Kírìjì ti dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé ẹnìkan borí pátápátá. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdà àti Ìgbájọ sì wà lọ́wọ́ Ìbàdàn.

A wá dé orí ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jù: pé òun nìkan tó ogun. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà ni ó pọ̀ lọ́wọ́ tọ̀túntòsì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú dé láti Sàró àti Bùràsíìlì, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń kì láti ìdí, tí ó ń yìn jìnnà, tí ó sì ń yìn kíákíá. Ọ̀nà wo ni ìbọn wọ̀nyí gbà? Ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá kò ṣeé gbára lé. Ọ̀nà tí ó kù ni ọ̀nà ìlà oòrùn tí Gómìnà Glover ti là kí ó tó kúrò ní Èkó ní 1872: ọkọ̀ ojú omi láti Èkó gba ojú ọ̀sà dé Àtìjẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà a gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá sí Oǹdó, kí a tó forí lé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀nà oko wa ni ìbọn Kírìjì gbà kọjá! Àwọn atukọ̀ Ìlàjẹ àti àwọn aláàárù tí ó gba inú igbó wa kò ní oríkì nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n láìsí wọn, Ògèdèǹgbé ì bá fi ṣakabùlà kojú Ìbàdàn. Ẹ tún gbọ́ orúkọ ogun náà: Kírìjì. Ìró ìbọn ni. Àwọn tí ó gbọ́ ọ létí ara wọn kò fi orúkọ oògùn pè é.

Àsọdùn tún máa ń bo nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀. Láàrin 1870 àti ìgbà Kírìjì, Ògèdèǹgbé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ja àwọn ìlú kan lógun ní ilẹ̀ Àkókó àti agbègbè Àkúrẹ́, wọ́n sì kó ènìyàn lẹ́rú. Ẹni tí í ṣe olùgbàlà ní Iléṣà, ọ̀tọ̀ ni ojú tí wọ́n fi ń wò ó níbòmíràn. Ìtàn tí ó dára gbọ́dọ̀ gba ẹkún àwọn náà wọlé.

Báwo ni a ṣe wá ń mọ èyí tí ó yẹ kí a gbà? Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, dàgbà ní Ìbàdàn. Ó sì wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ibùdó méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè, tí ìwé rẹ̀ lórí ogun náà jáde ní 1971, ọmọ Èkìtì ni. Olúkúlùkù ni ó ní ibi tí ó dúró sí tí ó ti ń wòran. Ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì bá ti kò, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìyìn láti ẹnu ará ọ̀hún, a lè fi ọkàn tán an. Johnson, ẹni ti Ìbàdàn, kò sẹ́ akíkanjú Ògèdèǹgbé. Nítorí náà, ìgboyà rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn.

Kí ni èrè gbogbo ìyẹ̀wò yìí? Kì í ṣe eré ìwé lásán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé ìròyìn ti jábọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó so ayẹta mọ́ra, tí ó ní kí ọ̀rẹ́ òun yìnbọn lu òun wò, tí ọ̀rẹ́ sì di apànìyàn lójú ẹsẹ̀. Níbo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ pé ọta kì í wọ akọni? Lẹ́nu wa ni. Àwa tí a jókòó lábẹ́ òṣùpá tí a kò fi ààlà sáàrin oríkì àti ìtàn, a ní ìpín nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ máa sọ ìtàn Ògèdèǹgbé fún àwọn ọmọ yín. Ẹ má dá a dúró. Bí ẹ bá dé ibi tí ọta kò ti wọlé, ẹ sọ fún wọn pé oríkì nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn nípa ẹrú tí ó di olórí ogun, owó tí àwọn ọmọ ìlú dá ní Èkó, àti ọkọ̀ tí ó kọjá ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa lóru. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí ó bá a kí ọmọ wa tó so ayẹta mọ́ra.