Ẹbí àti Ìlera Ẹnì Kọ̀ọ̀kan: Láti Aró dé Ìlú Festac

Láyé àtijọ́, bí ẹbí kan bá rí ọmọbìnrin tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn láti fẹ́ fún ọmọ wọn, ẹwà rẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wádìí. Ìdílé rẹ̀ ni. Wọn a béèrè bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀tẹ̀ ti mú ẹnikẹ́ni rí nínú wọn. Bí ìdáhùn kò bá dára, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà parí síbẹ̀. Lójú Yorùbá, ara ẹnì kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan: gbogbo agbo ilé ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí ó bá ṣàìsàn, gbogbo agbo ilé náà ni àìsàn rẹ̀ yóò sì ta àbàwọ́n sí. Apá kìíní ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa rántí. Apá kejì ni ó sì fa fífi alárùn ọpọlọ pamọ́ sí ìyẹ̀wù.

Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó dá ilé àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní Yábà ní ọdún 1907, ìtìmọ́lé ni ó jẹ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n yọ aláìsàn kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ni ó yí ètò yìí padà ní Aró láti ọdún 1954. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí yàrá ilé wọn. Owó ilé ni wọ́n ń gbà. Kì í ṣe ọ̀ràn àánú lásán. Ṣùgbọ́n dandan ni kí ó kéré tán ìbátan kan bá aláìsàn wá, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójúmọ́. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ọgbọ́n inú ètò yìí jinlẹ̀: nígbà tí ara aláìsàn bá yá, ẹnì kan ti wà nínú ẹbí tí ó mọ àìsàn náà, tí kò sì bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1963, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé jáde lórí àrùn ọpọlọ láàárín Yorùbá. Lẹ́yìn náà, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sùn sí ni ọ̀ràn ìlú tuntun. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Ìlú Festac sí ilẹ̀ Amuwo-Ọ̀dọ̀fin láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún, kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti pín àwọn ilé náà. Nọ́ńbà ni a fi ń pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpópónà ibẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni fúláàtì ń gbà. Ní agbo ilé, bí ẹnì kan kò bá jáde títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹlòmíràn yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní fúláàtì, ó lè di ọjọ́ kẹta.

Síbẹ̀, agbo ilé kì í ṣe párádísè. Ìyàwó tí kò tètè bímọ mọ bí ojú ogún ènìyàn ti wúwo tó, ó sì ṣeé ṣe kí fúláàtì Festac jẹ́ ibi tí irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ rí oorun sùn. Ẹbí tí ń wo ènìyàn sàn náà lè jẹ́ ẹni tí ń kó àìsàn bá a.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin ọdún 1958 ní Nàìjíríà. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá ṣàìsàn ọpọlọ ní Festac lónìí, a ṣì lè gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ pé ó rìnrìn àjò, nítorí pé àbúrò rẹ̀ obìnrin kò tí ì lọ́kọ.