Enámẹ́ẹ̀lì Tí Kò Lágbára Lẹ́nu Ọmọdé

Enámẹ́ẹ̀lì, ìyẹn awọ tó bo eyín, ni ohun tó le jù lọ lára ènìyàn. Bíi 96 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ kálísíọ́mù, fọ́sífétì àti irú wọn. Síbẹ̀, eyín àwọn ọmọ mìíràn ti ní àbùkù kó tó yọ: àpá tó funfun bí ẹfun tàbí tó pọ́n rúsúrúsú, kòtò wẹ́wẹ́, eyín tó ń rún bí wọ́n bá ń jẹun, tí omi tútù sì ń ta. Kòkòrò eyín la máa ń dá lẹ́bi, tàbí súìtì. Lóòótọ́, ṣúgà tètè máa ń ba irú eyín bẹ́ẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n inú erìgì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe enámẹ́ẹ̀lì máa ń kú kí eyín tó yọ, ìdí nìyẹn tí ara kò fi lè tún un ṣe bó ṣe ń tún egungun ṣe. Nǹkan bí oṣù kẹrin oyún ni ti eyín ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àìpé oṣù ọmọ àti àìtó fítámì D lára aboyún wà lára ohun tí wọ́n ń fura sí. Oòrùn tó ń fún ara ní fítámì D kò wọ́n wa, àmọ́ ìwádìí kan ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ́mù nínú oúnjẹ ló ń fa rìkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àìsàn egungun rírọ̀, lára àwọn ọmọ ibẹ̀, rìkẹ́ẹ̀tì sì lè kó bá eyín pẹ̀lú.

Enámẹ́ẹ̀lì eyín ẹ̀yìn àkọ́kọ́ tí kì í ká ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ìbí, ó sì ń lọ títí di bí ọdún 3. Ibà líle tàbí òtútù àyà láàárín àkókò yìí lè dá iṣẹ́ náà rú. Wọ́n ń fura sí oògùn amoxicillin náà, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ bóyá oògùn ni àbí àìsàn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lò ó? Ní Ilé-Ifẹ̀, ìwádìí tó jáde ní 2015 rí àbùkù eyín ẹ̀yìn yìí lẹ́nu ọmọ bíi 10 nínú 100. Àbùkù tó jẹ́ àjogúnbá ṣọ̀wọ́n. Fúlóráídì tó pọ̀ jù nínú omi náà ń fi àpá sí eyín: òun ni wọ́n rí ní 1931 pé ó fa eyín aláwọ̀ ilẹ̀ tó gba Colorado Springs ní Amẹ́ríkà kan.

Dókítà lè kun eyín tó rọ̀ ní fúlóráídì, tàbí kó dé e ní irin. Kí wọ́n tètè gbé ọmọ lọ ló ṣòro: ẹ̀yìn gbogbo eyín tó wà lẹ́nu ni eyín ẹ̀yìn yìí ń yọ sí, ní bí ọmọ ọdún 6, láìjẹ́ pé èyíkéyìí ká fún un, ọ̀pọ̀ òbí sì rò pé òun náà ṣì ń bọ̀ wá ká.